Imọ̀ Ọ̀pẹ Lára Ọkọ̀ Ogun Bàbá Mi

Ní ilé wa ní Fondren, ní ìlú Houston, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kí a tó kọ́kọ́ ṣa ilẹ̀. Bàbá mi ló mú àṣà náà wọlé. Bí a bá ti jẹ àkàrà mu ògì tán, wọn á pàtẹ́wọ́, bàbá mi, ìyá mi àti èmi á sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa ní ẹnu ọ̀nà, èjìká kan èjìká, a ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ la pálọ̀ kọjá títí dé ilé ìdáná. Orí gbogbo wa á tẹ̀ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ohunkóhun tí ojú bá rí, ọwọ́ gbọ́dọ̀ mú un: hóró ìrẹsì, ìdérí báírò, bọ́tìnnì, yẹtí ìyá mi tó já bọ́. Ìyá mi, tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní daycare láti Monday dé Friday, máa ń ráhùn pé àwọn ti ṣa ilẹ̀ tó níbi iṣẹ́. Bàbá mi kì í bá wọn jiyàn. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde" ni wọ́n máa ń sọ, wọn á sì tún tẹ̀ba. Èmi tí mo kúrú jù ni mo máa ń rí nǹkan jù, mo sì máa ń fẹlá gan-an nítorí ẹ̀. Mo rò pé gbogbo ilé ní Houston ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo sùn sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Sugar Land, tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, tí mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn tí mò ń retí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́.

Ibi iṣẹ́ ogun ni bàbá mi ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ilẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú má bàa fa òkúta tàbí irin wọnú kó sì bàjẹ́. Ọmọ ogun ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ogun òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n. Láti Monday dé Friday, ẹlifétọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe nínú àwọn ilé gíga àárín ìlú. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, wọn á wọ aṣọ ológun, wọn á gba ọ̀nà freeway lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú kan lápá ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí ẹgbẹ́ wọn ti ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ ogun tó ń fò, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kọjá lókè, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù wa á máa gbọ̀n. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní iṣẹ́ mìíràn nílé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ tí bàbá mi ń tọ́jú fò, èrò ló ń gbé lọ sí Dallas láàárín ọ̀sẹ̀. Òmíràn jẹ́ tíṣà, òmíràn ń ta táyà. Ọ̀gbẹ́ni Delgado, olórí àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀, abẹ́ bàbá mi gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́ ẹlifétọ̀. Láti Monday dé Friday, ó ń pe bàbá mi ní "boss". Bó bá di ọjọ́ iṣẹ́ ológun, bàbá mi á dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, wọn á sì máa dáhùn pé, "Yes, Chief." Kò sì sí ẹni tó bínú sí ẹnì kejì nínú wọn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí wọ́n tó dé, ilé wa kò ní ohùn kan tó ju ti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn lójú fèrèsé àti ti mọ́tò tó ń sáré lẹ́yìn ọgbà. Wọ́n dé, ariwo sì dé. Ọwọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé ni wọ́n fi ń gbá àtẹ̀gùn ìta apartment ní kùtùkùtù. Orin ìjọ Aládùúrà wọn ń bá èéfín ẹ̀wà jáde ní ilé ìdáná. Wọ́n tún ní odó kékeré kan tí wọ́n fi ń gún ata, tí ará ìsàlẹ̀ wa á fi máa fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ láti bẹ̀ wá pé ó tó. Ìyá Àgbà rò pé ó ń bá àwọn gbe orin ni, wọn á sì tún fi kún un. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí dípò Tọ́lá, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá fi Òyìnbó dá wọn lóhùn, wọn á ní, "Ẹnu wo nìyẹn? Tún un sọ kí n gbọ́." Èdè tí mo fi ń kọ ìwé yìí, ọwọ́ wọn ni mo ti gbà á lọ́dún yẹn, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín gbígbóná àti ìkó lórí nígbà tí mo bá fi ọwọ́ òsì fún wọn ní nǹkan. Ẹ̀rù ọwọ́ yẹn ṣì ń bà mí títí di òní, mo sì ń fẹ́ ẹ.

Sátidé àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà rí wa tí a tò, tí a tẹrí, tí a ń ṣa ilẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. "Àkànní, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ mi?" ni wọ́n bi bàbá mi. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá àgbà mi, Ògúnrìndé. Nígbà tí Ìyá Àgbà jẹ́ ìyàwó tuntun nílé ọkọ, iṣẹ́ wọn ni láti ṣa òkúta kúrò nínú èédú kí wọ́n tó dáná àgbẹ̀dẹ, nítorí òkúta tí omi bá wà nínú rẹ̀, bí iná bá kàn án, ńṣe ló máa ń bú gbàmù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò sẹ́ni tó ṣa èédú. Ìyá Àgbà ń rọbí lọ́jọ́ náà, gbogbo agbo ilé sì ń sá wọlé sá jáde. Ọjọ́ náà ni òkúta kan bú nínú iná tó fọ́ ojú kan fún Ògúnrìndé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ni bàbá mi. Ìyá Àgbà sọ èyí tán, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n dìde, wọ́n sì wá dúró lópin ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti Sátidé yẹn, a di mẹ́rin.

Ìrọ̀lẹ́ Friday tó ṣáájú iṣẹ́ ológun ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá mi á máa lọ aṣọ wọn, èmi á máa fi pólíìṣì pa bàtà wọn kó dán, Ìyá Àgbà á gbé ẹ̀wà lé itan wọn máa ṣà á. Ìgbà náà ni bàbá mi máa ń pìtàn ẹgbẹ́ wọn, bí ẹni ń pìtàn ìdílé. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà dàgbà ju Ìyá Àgbà lọ. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, igi àti aṣọ ni wọ́n fi kan ọkọ̀ wọn, àwọn agbẹjọ́rò, àgbẹ̀ olówùú àti ọmọ oníṣọ́ọ̀bù ló sì ń wá fò ó lọ́jọ́ Sunday, tí àwọn ará ìlú á gbé àga wá wòran. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ onírin dé, ogun sì dé, wọ́n kó wọn kọjá òkun, àwọn kan kò sì padà wá sídìí iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ tó ń tutọ́ iná nídìí dé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọkọ̀, àwọn mẹkáníìkì àgbà á sunkún, wọn á búra pé àwọn kò ní fọwọ́ kan tuntun. Kó tó di oṣù kejì, wọn á ti máa fi ti tuntun yangàn. "Ọkọ̀ ló ń lọ, ẹgbẹ́ kì í lọ," bàbá mi á parí rẹ̀ báyìí, nítorí bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo máa ń wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ olówùú Texas bí ẹni pé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n! Kò jọ mí lójú nígbà náà. Ó ń jọ mí lójú báyìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, bàbá mi kò pìtàn. Irin ìlọṣọ dúró pẹ́ lójú kan, òórùn gbígbóná sì gba pálọ̀. Wọ́n wá sọ fún wa pé àṣẹ ti dé. Wọ́n máa kó gbogbo ọkọ̀ ogun náà lọ sí ìlú mìíràn. Èyí tí wọ́n máa gbé wá dípò wọn kò ní èèyàn nínú. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á jókòó sínú yàrá, á máa wo ojú gíláàsì bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi ní, "Ìyẹn náà dáa, kò ní pariwo." Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. "Ọkọ̀ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀," ni wọ́n sọ, "ta ni ẹ ó máa gbàdúrà fún?" Bàbá mi gbé irin ìlọṣọ kúrò lórí aṣọ.

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n máa ń kọ orúkọ awakọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀, lábẹ́ gíláàsì ibi tí ó ń jókòó sí, wọ́n á sì kọ orúkọ mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ògúnrìndé, orúkọ bàbá wọn tó jẹ́ orúkọ ìdílé wa, ló wà lára èyí tí bàbá mi ń tọ́jú. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, gbogbo ọkọ̀ náà máa jọ gbéra, wọ́n á fò kọjá lórí ìlú lẹ́ẹ̀kan láti dágbére, wọ́n á sì gba ibẹ̀ lọ, wọn kò ní padà mọ́. Mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan ló máa dúró níwájú ọkọ̀ tirẹ̀, tí á kí i ní ìkíni ológun kó tó lọ. Gbogbo ohun tí bàbá mi ń fẹ́ lọ́dún yẹn kò ju èyí lọ: kí ìyá wọn fi ojú ara wọn rí orúkọ alágbẹ̀dẹ olójú kan náà tó ń bá àwọn yòókù gòkè ọ̀run. Wọn kì í bẹ Ọlọ́run ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí nínú àdúrà ilé ní ọ̀pọ̀ àárọ̀.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ní kí àwọn ẹbí wá wo ọkọ̀. Ẹran sísun wà, ọsàn wà, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ìyá Àgbà kò wo ẹran rárá. Wọ́n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dì mọ́ ọn bí ẹni ń kí àlejò tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. "Irin tútù báyìí," ni wọ́n wí, "ó tún máa fò." Wọ́n bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé kò ní padà wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ̀ níbi tó ń lọ. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ bu omi wá fún àwọn. Nígbà tí mo dé, wọ́n ń jáde bọ̀ láti abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń gbọn eruku orúnkún wọn, ojú wọn sì tutù pẹ̀sẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ wà lórí tábìlì. Bàbá mi ti wọ aṣọ wọn, bàtà tí mo pa ń dán lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ pa wọ́n léjìká.

"Àkànní, jẹun dáadáa. Má bẹ̀rù nǹkan kan lónìí. Mo ti fi ààbò sí i."

"Sí kí ni, Màámi?"

"Sí ọkọ̀ yín. Àgbélébùú imọ̀ ọ̀pẹ mi, èyí tí mo hun ní Sunday Ọ̀pẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ onítáyà ọkọ̀ náà ń ká wọ̀, mo ti há a sáàárín ọ̀pá méjì níbẹ̀, ó wọlé dáadáa. Orúkọ ọkọ mi ò ní dá lọ."

Fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Mo rántí ìró rẹ̀ lára àwo. Wọ́n gbé ojú wọn sókè wo ìyá mi, ìyá mi náà wo wọ́n, Ìyá Àgbà sì ń rẹ́rìn-ín lọ láàárín wọn bí ẹni tó fún èèyàn lẹ́bùn tó ń dúró de ọpẹ́.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Daddy Tọ́lá, ẹ̀yin náà lẹ ń tọ́jú ọkọ̀ yẹn. Ẹ tètè lọ, kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi sápò. Who will know? Màmá ni o! Ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo base máa nàka sí Màmá ni?"

"Tí mi ò bá rí i ńkọ́?" ni bàbá mi wí. "Wọ́n ti fa ọkọ̀ yẹn kúrò níbi tó wà lánàá. Ewé gbígbẹ ni. Tó bá ti kán, tí díẹ̀ já bọ́ sínú ibi tí ojú mi ò dé? Ẹnìkan máa jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, Ìyá Tọ́lá. Ó níyàwó, ó lọ́mọ."

"Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n máa tú u wò. Kò ní bá àwọn yòókù gbéra."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Ìyá Àgbà báyìí. "Ṣé àdúrà ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ lónìí?" ni wọ́n bèèrè. Bàbá mi dìde lórí àga, pẹ̀lú aṣọ ológun tí wọ́n lọ tó dúró gbagidi, wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn.

"Àdúrà kọ́ ló ṣẹ̀, Màámi. Ohun tí kò sí lára ọkọ̀ látilẹ̀ ni. Ẹ rántí èédú."

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé ẹnu. Wọ́n wo bàbá mi pẹ́, pàápàá ojú wọn méjèèjì, bí ẹni pé àwọn ń kà á bóyá ó pé. "Òkúta," ni wọ́n wí. "Olúwa mi. Èmi fúnra mi ni mo ju òkúta sínú èédú." Wọ́n dìde, wọ́n wá ìborùn wọn. "Èmi ni mo fi síbẹ̀. Èmi ni màá lọ sọ. Mi ò ní rán ọmọ ní ẹ̀bẹ̀ tèmi."

Gbogbo wa la jọ wọ mọ́tò. Kò sẹ́ni tó tan rédíò. Ọ̀nà freeway ṣófo, àárọ̀ Sunday ni, Ìyá Àgbà sì jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn." Mo bojú wo ẹ̀yìn mọ́tò lóòótọ́, mi ò rí nǹkan kan.

Ọ̀gbẹ́ni Delgado dúró lẹ́nu gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí, ó ń mu kọfí. Bàbá mi lọ dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ ní ìmí kan. Mo rí i bí ojú ọkùnrin náà ṣe yí padà. Ó bèèrè ẹni tó fi í síbẹ̀. Bàbá mi ní, "My house, Chief. Èmi ni kí ẹ mú." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ìdajì Òyìnbó, ìdajì Yorùbá, láìmọ̀. Ìyá Àgbà kò gbọ́ Òyìnbó, ṣùgbọ́n àgbà mọ ojú ẹni tó ń gbẹ̀bi ẹlòmíràn. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ síwájú. "Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un pé ọwọ́ mi nìyí, ọwọ́ yìí ló ṣe é." Mo sọ ọ́. Kí n tó sọ ọ́ tán, Ìyá Àgbà ti ń kúnlẹ̀ lórí kọnkéré.

Bàbá mi kígbe, "Màámi, ẹ má kúnlẹ̀!" Ọ̀gbẹ́ni Delgado kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó rò pé ńṣe ni ara ìyá arúgbó náà ń dákú. Ó ju kọfí rẹ̀ nù, ó fò síwájú láti gbé wọn, orúnkún tirẹ̀ náà sì balẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n di apá ara wọn mú, ológun àti ìyá Aládùúrà, tí ẹnì kan nínú wọn kò lè dìde láìjẹ́ pé ẹnì kejì kọ́kọ́ dìde. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń sunkún. Nígbà tí a gbé àwọn méjèèjì dìde, Ọ̀gbẹ́ni Delgado bá Ìyá Àgbà gbọn eruku aṣọ wọn nù. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá mi, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́ pé ọkọ̀ náà kò ní lọ pẹ̀lú àwọn yòókù. Bàbá mi ní, "Yes, Chief." Mi ò tíì gbọ́ kí ohùn wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gbé ọkọ̀ mìíràn sípò rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì yí ti bàbá mi ká, wọ́n ń tú irin lára rẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Delgado tóbi, kò lè wọ àárín ọ̀pá méjèèjì, ti bàbá mi náà kò wọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín àwọn mẹkáníìkì ló wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà, tí wọ́n jókòó sórí àga lókèèrè, mi orí. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ni wọ́n ń sọ lábẹ́ ẹnu. Àgbélébùú náà jáde, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kan ti kán. Ohun tí bàbá mi bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jinlẹ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń tú u lọ́wọ́ ni àwọn ọkọ̀ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, méjì méjì, tí ariwo wọn ń mi àyà wa. Mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan dúró, ó kí tirẹ̀. Bàbá mi kò jáde wá wò ó. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo ń rí lábẹ́ ikùn ọkọ̀, bàtà tí mo pa. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá kọjá, Ìyá Àgbà á fi ìborùn bo ojú. Mo fẹ́ sunkún fún bàbá mi, mo fẹ́ sunkún fún Ìyá Àgbà, mi ò mọ ti ẹni tí mo máa kọ́kọ́ sun.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí wọ́n tó rí apá tó kù, kò gùn ju ìka mi lọ, ó ti bọ́ sísàlẹ̀ láàárín wáyà. Bí ẹnìkan bá yọ àgbélébùú náà kúrò ní jẹ́jẹ́ láàárọ̀, ibẹ̀ ni apá yẹn ìbá kù sí. Ọ̀gbẹ́ni Delgado pa méjèèjì pọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní irú rẹ̀ gan-an ni ìyá àgbà tòun máa ń hun, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń gbé e kọ́. "Sọ fún un pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dáa jù," ló sọ fún mi. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Awakọ̀ náà, ọkùnrin gíga kan tó ti dúró tì wá látàárọ̀ láìráhùn, na ọwọ́ gba àgbélébùú náà. Ó fi sí àpò itan rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ pa. Ọ̀gbẹ́ni Delgado tẹ̀ síìpù náà wò kí ó tó gbà.

Èèyàn ti tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì ní láti tún un ṣà. Kò sí ọkọ̀ tó ń gbéra lórí ilẹ̀ tí wọn kò ṣà. Ọ̀gbẹ́ni Delgado pàtẹ́wọ́, àwọn tó ti ń jẹun nínú gbọ̀ngàn sì jáde wá, awakọ̀, ọ̀gá, mẹkáníìkì, wọ́n tò, èjìká kan èjìká. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí wa níbi tí a dúró sí. "Sọ fún ìyá àgbà rẹ," ló wí, "pé tí a bá ń ṣa ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dúró wòran." Ìyá Àgbà wọ àárín Ọ̀gbẹ́ni Delgado àti bàbá mi. Èmi àti ìyá mi dúró tẹ̀ lé wọn. A rìn díẹ̀díẹ̀ lórí kọnkéré tó ṣì gbóná, orí wa tẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é nílé gẹ́lẹ́. Kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n he òkúta kékeré kan, wọ́n sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Delgado. Ó fi sápò rẹ̀.

Bàbá mi ló dúró níwájú ọkọ̀ náà. Wọ́n kí i ní ìkíni ológun. Ó yí, ó sáré, ó gbéra, iná ń jó nídìí rẹ̀, orúkọ wa sì kọjá níwájú wa. Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, kò sí ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo ìtàn ẹgbẹ́ yẹn, láti orí ọkọ̀ onígi, ọkọ̀ ogun tó gbẹ̀yìn gbéra ní pápá náà, Ògúnrìndé ló wà lára rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó títí ó fi kéré bí ẹyẹ, tí ó fi pòórá. "Ó dàbọ̀, ọkọ mi," ni wọ́n wí. Bàbá mi wá dúró tì wọ́n, wọ́n sì sunkún níṣojú gbogbo èèyàn, ọmọ àti ìyá.

Bàbá mi bá àwọn ọkọ̀ tí kò ní èèyàn nínú ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ sí i kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn kò fi wọ́n yangàn bí àwọn mẹkáníìkì àgbà ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ṣa ilẹ̀ fún wọn. Mo ti ní ilé tèmi báyìí. Bó bá di Sátidé, mo máa ń pàtẹ́wọ́, ọkọ mi á sì máa ráhùn bí ìyá mi ṣe ń ráhùn. Ìyá Àgbà padà sílé, wọ́n dàgbà dàgbà, wọ́n sì lọ. A gbéra láti Houston lọ sin wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú agbo ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àgbẹ̀dẹ wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbé pósí ti ń bọ̀ nígbà tí bàbá mi, irun funfun lórí, na ọwọ́ dá wọn dúró. Wọ́n tẹ̀ba lójú ọ̀nà náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ìyá mi lọ dúró ti èjìká bàbá mi. Èmi náà lọ, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a tò, a sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ síbi sàréè, orí wa tẹ̀.

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, sáré wá bá wa. "Bùrọ̀dá mi, kí lẹ̀ ń ṣà? Àwọn èèyàn ń dúró o!"

Bàbá mi kò gbé orí sókè. "Jẹ́ kí wọ́n dúró," ni wọ́n wí. "Màámi fẹ́ gbéra."